Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Gbogbo wa la mọ òwe yìí, pàápàá níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, kò ní kéèyàn má sọ̀yà, ó kàn ní ìka kan ò lè dá a sọ ni.

Àbúrò mi ló jẹ́ n rántí ẹ̀ ní Sọ́ńdè, ó ń jiyàn pé Jonas Salk, dókítà ará Amẹ́ríkà yẹn, nìkan ló ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ta ló fún un? Salk ò gba Nobel títí tó fi kú ní 1995. John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins ló gbà á ní 1954, àwọn ló mú fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn yẹn hù nínú ìgò, láìjẹ́ pé inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọ̀bọ ni wọ́n á ti máa wá a, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa ni Salk fi ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀, tí ò bá sí tiwọn kí ló fẹ́ rí pa? Nínú láàbù Salk gan-an ní Pittsburgh, Julius Youngner ló wá ọgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, tí wọ́n fi ń mú fáírọ́ọ̀sì náà hù, fi pọ̀ tó fún iṣẹ́ náà.

April 12, 1955, wọ́n kéde ní Michigan pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ọmọ dán wò ń ṣiṣẹ́, Salk dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńlá ńlá, kò dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: Youngner gbé e sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tẹ́ ẹ bá ń ròyìn iṣẹ́ fọ́mọ yín, ẹ má fi orúkọ ẹnì kan bo tàwọn yòókù, torí ẹ̀bi náà á wá orúkọ yẹn wá ni. "Abẹ́rẹ́ Salk" ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pè é. Kí oṣù yẹn tó parí, ìròyìn dé pé formalin, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa fáírọ́ọ̀sì náà, ò pa gbogbo fáírọ́ọ̀sì inú èyí tí ilé iṣẹ́ Cutter ní California ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kó àrùn, ó lé ní 150 èèyàn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, 10 kú. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró ní May, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ Salk wá ń ba àwọn òbí, bẹ́ẹ̀ Cutter ló ṣe é, àyẹ̀wò ìjọba náà ò sì le tó. Ní 1958 kóòtù ní Cutter ò ṣàìbìkítà, síbẹ̀ kí wọ́n sanwó fáwọn ọmọ tó rọ. (Ẹ̀mí ò ṣeé sanwó ẹ̀ ṣá.)

Wọ́n mú àyẹ̀wò le, abẹ́rẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ni Albert Sabin, tóun àti Salk ò rẹ́ rárá, gbé tiẹ̀ dé, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu, ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún mílíọ̀nù mílíọ̀nù ọmọ. Àbúrò mi tó ń bá mi jà torí Salk yìí, ti Sabin ni wọ́n kán sí i lẹ́nu nígbà tó wà ní kékeré, ojú mi ni, ó sì sunkún dalẹ́.