Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lee Tadanari

Nígbà tí àwọn àgbà bá pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ tàbùkù ilé bàbá rẹ̀. A ti sọ òwe náà di pàṣán tí a fi ń na ọmọ. Ṣùgbọ́n kí a tún un gbọ́ dáadáa: ọmọ kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè wo ilé. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni wọ́n ní kó lajú, kó wo ohun tí ojú ilé náà ti rí, kó tó la ẹnu. N kò tíì rí ìtàn tó fi èyí yé mi tó ti Lee Tadanari, agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n bí ní Tokyo ní 1985, tí ìran rẹ̀ ti Kòríà wá, tí ó sì ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ilé náà ni kí a kọ́kọ́ wò. Jàpáánì gba Kòríà ní 1910, ó sì jẹ gàba lé e lórí títí di 1945. Láàárín àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Kòríà ré òkun kọjá lọ wá iṣẹ́, nígbà tó sì di àsìkò ogun, ìjọba kó àwọn mìíràn lọ tipátipá sí ibi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́. Ní 1940 ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n fi ń ti àwọn ará Kòríà láti gba orúkọ ìdílé ní ọ̀nà ti Jàpáánì. Odidi ìran kan ni ìjọba sọ lórúkọ, láìwo ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ogun parí, nǹkan bí 600,000 nínú wọn ni kò padà sílé. Ní 1952, ìjọba Jàpáánì gba ipò ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí a bí sí Osaka tàbí Tokyo fi di àlejò ní àdúgbò tí wọ́n gbé sin ibi ọmọ rẹ̀. Zainichi ni wọ́n ń pè wọ́n títí di òní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń gbé Jàpáánì, bí ìgbà tí a bá ń retí kí àlejò dìde.

Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan fún inú ilé, ọ̀kan fún ìta. Èyí ti ìta ni wọ́n fi ń wọ ilé ìwé, tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń háyà yàrá. Àwọn kan máa ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní ojo. Ẹni tí kò tíì kan ilẹ̀kùn onílé tí kò fẹ́ irú rẹ̀ ló máa ń tètè sọ bẹ́ẹ̀. Irú agbo ilé yìí ni wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù wa sí, ó sì jẹ́ ìran kẹrin níbẹ̀. Oyama ni wọ́n fi ń pe ìdílé rẹ̀ lóde, Lee sì ni wọ́n ń jẹ́ nínú ilé.

Ní 2004, Gúúsù Kòríà pè é sí àgọ́ ìgbaradì ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Ó lọ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ń relé. Nígbà tó débẹ̀, èébú kan tó túmọ̀ sí ààbọ̀ ará Jàpáánì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é. Ní Tokyo, ará Kòríà ni. Ní Kòríà, ará Jàpáánì. Ohun tí Yorùbá ń pè ní kò-ṣeku-kò-ṣẹyẹ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló rìn ní ọ̀nà kan náà. Jong Tae-se, tí wọ́n bí ní Nagoya ní 1984, ní ìwé ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Kòríà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Kòríà tó fara mọ́ Àríwá dá sílẹ̀ ní Jàpáánì ló lọ títí dé yunifásítì, Àríwá Kòríà ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n ju bí a ti rò lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2010, ní Tembisa ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ẹgbẹ́ Super Eagles na Àríwá Kòríà ní 3-1, òun ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ìfàkúfà èrò tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí, wọ́n sì gbàgbé Jong. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó kojú Bràsíìlì ní Johannesburg, bí orin orílẹ̀-èdè ti ń dún ni omijé ń dà lójú rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Nígbà tó wá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Suwon, ní Gúúsù Kòríà, ní 2013, àwọn kan fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó yin ìjọba Àríwá. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé kan náà ni òun àti Lee wò. Ohun tí oníkálukú rí níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní 2007 ni Lee di ọmọ onílẹ̀ Jàpáánì. Ibi tí mo ti gbà pé ọmọ yìí gbọ́n nìyí. Ó rọrùn fún un láti fi Oyama sínú ìwé kí ọ̀rọ̀ parí, nítorí wọ́n ti mọ orúkọ náà mọ́ ọn láti kékeré. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lee ló fi síbẹ̀ ní orúkọ ìdílé. Ní ti orúkọ tirẹ̀ gan-an, àmì ìkọ̀wé méjì ni, tí àwọn Kòríà ń kà sí Chung-sung, tí àwọn Jàpáánì sì ń kà sí Tadanari. Kò pa àmì kankan rẹ́ nínú rẹ̀. Bí bàbá bàbá rẹ̀ bá rí i lákọsílẹ̀, yóò kà á ní èdè tirẹ̀, bí aládùúgbò bá sì rí i, òun náà yóò kà á.

Àwọn kan bínú sí i ní Kòríà nígbà tó wọ ẹ̀wù Jàpáánì lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Beijing ní 2008. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n, wọn ì bá pòwe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe òwe yẹn ti gbà pé ọmọ òun ni. Àgọ́ tó pe ọmọ ní ààbọ̀ ní 2004 kò so ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́ ọn nídìí. Mo ń bá ẹ̀yin òbí tí ẹ bímọ sí òkè òkun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bínú bí ọmọ yín bá wọ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí: kí ẹ tó béèrè ìdí tí kò fi wá sílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n pè é nígbà tó wá ní ọjọ́sí. Ẹ bi ara yín pẹ̀lú, bóyá orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ṣeé pè ní ilé ìwé rẹ̀, àbí ẹ ti fi sílẹ̀ kí àwọn olùkọ́ máa gé e kúrú bó ti wù wọ́n.

Ní oṣù Kìíní 2011, ní ìdíje Ife Asia ní Doha, Jàpáánì borí Gúúsù Kòríà nípa pẹnáritì kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Orí bẹ́ǹṣì ni Lee wà lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò lè sọ ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n bí a bá fi mí sí ipò rẹ̀, ilẹ̀ ni n bá máa wò. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àṣekágbá pẹ̀lú Ọsirélíà, wọ́n sì fi í wọlé nígbà tí eré ti wọ àfikún àkókò láìsí góòlù kankan. Ní ìṣẹ́jú 109, Nagatomo, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti apá òsì. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ Lee. Kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà kan ilẹ̀ rárá tó fi fi ẹsẹ̀ òsì gbé e sáwọ̀n. Góòlù àkọ́kọ́ tó jẹ fún Jàpáánì nìyẹn, òun ló sì fún wọn ní ife.

A lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sí Jàpáánì ní 2014, ó wọ ẹgbẹ́ Urawa Reds, tí pápá ìṣeré wọn wà ní Saitama. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ta aṣọ kan sí ẹnu ọ̀nà ibi ìjókòó wọn, wọ́n sì kọ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ará Jàpáánì nìkan ló ń wọlé. Líìgì fìyà jẹ ẹgbẹ́ náà, ó ní kí wọ́n gbá eré tó kàn nílé láìsí òǹwòran kankan. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn líìgì náà. Lee kò kó ẹrù rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òpin 2018, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí Urawa gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Asia ní 2017. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nígbàkigbà tí àwọn òǹwòran Saitama bá ń pè é, orúkọ tí wọ́n ń pa mọ́ sínú ilé nígbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n ń pariwo.