Ẹ Bá Mi Pín In, Ọ̀gá Mi Lè Wà Lójú Òpó Yín

Ní Èkó lónìí, ẹni tó bá ti lè fi fóònù gé àwòrán ti di creative. Ẹ má tíì bi í léèrè iṣẹ́. Oyè tó kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí LinkedIn ni yóò kọ́kọ́ kí yín: Visual Storyteller, Brand Alchemist, Disruptor. Oyè mẹ́ta, iṣẹ́ kò sí. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wé láwàní fún ara rẹ̀, ó wá jókòó, ó ń retí káwọn ọ̀gá ẹjẹ́ńsì ìpolówó ọjà n'Íkẹjà wá fi jọyè.

Ohun tó ń wá kò kúkú burú. Ó fẹ́ kí creative director kan, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí àwọn tó ń ronú ìpolówó ní ẹjẹ́ńsì, rí pọ́tífólíò òun, àkójọ iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sì gbà á síṣẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà wá a ni kẹ́ ẹ bá mi wò.

Báńkì wo ló pààrọ̀ lógò rẹ̀? Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti bú ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ìpolówó gààrí Ìjẹ̀bú, ó fi kọ̀ǹpútà gbé e sórí àwòrán pátákó gàgàrà ní Times Square, ní New York. Ta ló fẹ́ ra gààrí níbẹ̀? Ojúẹlẹ́gba làwọn tó ń mu gààrí wà, nínú gosiló. Lábẹ́ àwòrán ọ̀hún ló wá kọ ẹ̀bẹ̀ sí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín in, ọ̀gá mi lè wà lójú òpó yín." Ó to orúkọ creative director mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó bá a ṣe gààrí nínú wọn rí.

Kò sì sí ọjọ́ ọdún tó lè kọjá lójú rẹ̀. Ọjọ́ Bàbá, Ọjọ́ Òmìnira, oṣù tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ní àwàdà tirẹ̀, nítorí ó gbà pé kí wọ́n ṣáà ti rí òun. Lọ́dún Àjíǹde 2022, Sterling Bank kí àwọn èèyàn kú ọdún, wọ́n ní Jésù dìde bíi búrẹ́dì Àgége. Gbogbo ayé rí i. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, náà rí i. Báńkì sì tọrọ àforíjì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni tàwọn àwòrán. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà, ti fòfin de lílo àjèjì fún àwòrán tàbí ohùn nínú ìpolówó ọjà tí wọ́n bá ṣe fún Nàìjíríà. Ẹ wá ṣí pọ́tífólíò ọmọ wa: òyìnbó onírun pupa ló ń jẹ ẹ̀bà, ó ń rẹ́rìn-ín, torí pé àwòrán ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé òfin fún un, ó sá lọ bá AI. Ìyẹn bá a ya ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, aṣọ òkè lára, ìka mẹ́fà lọ́wọ́.

Ọ̀gá tí wọ́n ń torí rẹ̀ pariwo ńkọ́? Ó wà nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland, oníbàárà ń pè é léraléra pé kí wọ́n bá òun mú lógò tóbi sí i. Láàárín ìpè kan sí ìkejì ló fi fóònù ṣí líǹkì. Google Drive ní kó kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀gá ni yóò máa bẹ ẹni tó ń wáṣẹ́ pé kó jọ̀wọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí ti ẹlòmíì. PDF tó tóbi bí ìlú. Ojú ìwé kìíní, fọ́tò ẹni náà, ó ká apá mọ́ àyà. Ojú ìwé kejì, ìtàn ayé rẹ̀ láti jẹ́léósinmi. Ẹ̀kẹta, Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Mi. Kó tó kan iṣẹ́, dátà ti tán.

Ìyá alágbàdo kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. "Láńgbé jinná o!" Ó tán. Kò sọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ó mọ ẹni tí ebi ń pa, ó sì mọ wákàtí tí ebi ń pa á. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká gbé ọjà ọlọ́jà lé òun lọ́wọ́ rèé, ọjà kan ṣoṣo tó ní, ìyẹn ara rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò tà á fún. Iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dáa ni ọ̀gá ń wá, kó rí ìṣòro tó wà nílẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i, àti ohun tó tọwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ gan-an jáde níbẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí gan-an lọ̀ràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá gba LAIF, ẹ̀bùn àwọn onípolówó ọjà, ẹni tó kọ ọ́ fi sí pọ́tífólíò, ẹni tó yà á fi sí i, ẹni tó lọ ra ṣáwámà lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á náà fi sí i, àlàyé tirẹ̀ ló sì máa ń gùn jù.

Àwọn ọ̀gá náà kò mọ́, ká má purọ́. Wọ́n á ní ọ̀dọ́ tí ebi iṣẹ́ ń pa làwọn ń wá. Wọ́n á gbé ìdánwò ọ̀fẹ́ fún un, wọ́n á jí ọgbọ́n inú rẹ̀ lò, wọ́n á wá gba ọmọ àbúrò oníbàárà síṣẹ́. Ẹni tó bá ráyè wọlé, owó oṣù rẹ̀ kò lè gbé e láti Ìkòròdú dé ọ́fíìsì.

Ọmọ wa ò bínú ṣá. Ó ti fi Mentor kún oyè rẹ̀, ó sì ti ṣí kíláàsì lórí WhatsApp, níbi tí yóò ti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí pọ́tífólíò wọn ṣe lè gbàfiyèsí àwọn ọ̀gá ẹjẹ́ńsì. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ o, àyè ò pọ̀. Mo tẹ líǹkì tí wọ́n fi ń sanwó wò, kò ní kí n tọrọ àṣẹ rárá.