Sìmẹ́ǹtì kọ́ ni oògùn ihò balùwẹ̀ tó ń jò
Ẹnìkan kọ ọ́ pé bí ihò omi balùwẹ̀ òkè bá ń jò sí yàrá ìsàlẹ̀, kí a ṣáà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ dákun, sìmẹ́ǹtì kì í lẹ̀ mọ́ páìpù PVC (páìpù oníke) dáadáa. Bó bá sán, omi á tún gbabẹ̀ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà dí ihò náà pinpin, kí ẹ da omi sórí táìsì, kí ẹnìkan sì máa wo àjà nísàlẹ̀: bí ó bá jò, ẹ̀gbẹ́ ihò tàbí àárín táìsì ni, bí kò bá jò àfìgbà tí ẹ yọ àkísà, oríkèé páìpù ni, púlọ́ńbà ni yóò gé e, tí yóò sì fi gọ́ọ̀mù lẹ tuntun. Ní Bódìjà, mo mọ ilé tí wọ́n ń kun àjà lọ́dọọdún láìfọwọ́ kan páìpù.