Àtúnṣe: oyin kọ́ ló ń mú bíà dùn

Àwọn kan ń gba àwọn tó ń pọn bíà nílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n da kílò oyin kan sínú pale ale (irú bíà kan tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́) lítà 19 látìgbà tó bá ti ń hó, pé bíà náà yóò dùn, yóò sì máa ta sánsán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà máa ń jẹ ṣúgà inú oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọtí á le sí i, ara rẹ̀ á fúyẹ́, adùn kò ní sí. Òórùn oyin ńkọ́? Bó bá hó fún wákàtí kan, ó ti bá ooru lọ.

Gíráàmù 450 ti tó. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí omi máàtì (ọkà tí a mú hù, tí a sì gbẹ) tutù dé nǹkan bí 75°C, kí ẹ tó po oyin mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ adùn, kó fi gíráàmù 300 máàtì crystal (irú máàtì tí ìwúkàrà kì í lè jẹ adùn rẹ̀ tán) kún un, kó sì rẹ máàtì ní 68°C, kì í ṣe 64°C.

Nítorí pé ara bíà fúyẹ́, ìkorò họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò) á tètè hàn. Ẹ dín họ́ọ̀pù ti ìbẹ̀rẹ̀ híhó kù, kí ẹ kó èyí tó pọ̀ sí ìparí: irú họ́ọ̀pù tó ń jẹ́ Cascade, gíráàmù 60, lọ́jọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn kí ẹ tó rọ bíà sígò.

Ìmọ̀ràn wọn pé kí a rọ bíà sígò lọ́jọ́ karùn-ún ló léwu jù. Bí oyin kò bá tíì tán, ìwúkàrà á máa jẹ ẹ́ lọ nínú ìgò tí a ti dé pa, afẹ́fẹ́ á sì fọ́ ìgò náà. Ẹ má rọ ọ́ sígò àfi bí háídírómítà (ohun tí a fi ń wọn bí ṣúgà ṣe kù sínú bíà) bá fi iye kan náà hàn fún ọjọ́ mẹ́ta.