Ẹ yéé ka irin mọ́ ilé

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹnìkan ló fi àwòrán One World Trade Center ti New York síta láàárọ̀ yìí, ó ní òun ni ilé tó ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 1,776. Ẹsẹ̀ bàtà 1,776 wo? Òrùlé ilé yẹn ò ju 1,368 lọ. Irin ṣóńṣó tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé inú rẹ̀ ló kó ìyókù, kí iye náà lè bá ọdún tí wọ́n kéde òmìnira wọn mu. Òrùlé Willis Tower ní Chicago, Sears Tower àtijọ́, wà ní 1,450. Síbẹ̀, lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ tó ń wọn ilé àwòṣífìlà ní irin ti New York wọ ìṣirò, àmọ́ éríà tẹlifíṣọ̀n lásán ni ti Chicago. Chicago náà sì ni olú ilé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ọ̀hún wà o!

Ta ló ń wọn gèlè mọ́ gíga ẹni tó wé e?

Àrékérekè yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1929, William Van Alen ń kọ́ Chrysler Building ní New York, H. Craig Severance sì ń kọ́ 40 Wall Street níbẹ̀ náà. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí kí wọ́n tó tú ká, ẹ sì mọ bí ìjà àwọn tó ti jọ jẹun ṣe máa ń rí. Bí èyí bá fi kún tirẹ̀, tọ̀hún náà á fi kún un. Severance dé 927, ó rò pé ó parí. Kò mọ̀ pé inú ilé ni Van Alen ti ń ní kí wọ́n to irin ṣóńṣó kan pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tó di October 23, wọ́n fà á yọ láti àárín òrùlé. Kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ilé ti di 1,046. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ọjà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé. Ilé ẹjọ́ ni Van Alen sì gbà kó tó rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Walter Chrysler tó ni ilé náà.

Ilé Empire State ṣí ní May 1, 1931, ó gba ipò ilé tó ga jù. Àwọn náà gbé òpó lérí, wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú onígáàsì ni yóò máa so mọ́ ọn. Atẹ́gùn ò gbà fún wọn. Èmi ò rí ti òpó rò, àwọn tó kan irin ibẹ̀ ni mo máa ń rò. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣe é: ọ̀kan á yan ìdè irin títí á fi pọ́n, á fi ẹ̀mú jù ú sókè, èkejì á fi agolo hán an, á tì í bọ ihò, ẹ̀kẹta á dì í mú, ẹ̀kẹrin á fi ìbọn afẹ́fẹ́ kàn án pa. Lókè réré o! Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá lè tẹ̀ ni ká máa kà.

Ṣùgbọ́n Chrysler ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, irin yẹn gan-an ló sì fà á. Bí mo bá gé e kúrò, 925 ló kù, 40 Wall Street á fi ẹsẹ̀ bàtà 2 jù ú. Mo ti ń wá bí òfin mi ò ṣe ní kàn án. Ṣé ká ní èyí tó bá ti pẹ́ lórí ilé kó máa wọlé ni? Ẹ bá mi dá sí i.