Aràn Inú Ẹja Ní Iṣẹ́ Tó Ń Jẹ́ fún Wa

Bí ìyá olóúnjẹ bá la ikùn ẹja tútù, tó rí aràn funfun tó ká jọ pẹlẹbẹ mọ́ ìfun rẹ̀, ariwo ni yóò kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹni tó tà á bú. A kò dá a lẹ́bi. Ta ló fẹ́ bá aràn pàdé nínú ọbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹja òkun tí kò gbé nǹkan kan sára ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ kí ìjọba mọ ohun tí àwọn ẹja náà ń gbé.

Anisakis ni àwọn onímọ̀ ń pe aràn yìí. Inú àbùùbùtán àti dọ́fíìnì ló ti ń dàgbà. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sómi, edé wíwẹ́wẹ́ á gbé ọmọ rẹ̀ mì, ẹja á jẹ edé, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, títí àbùùbùtán mìíràn yóò fi kó gbogbo wọn jẹ. Ó dà bí ẹni tó ń wọ mọ́tò mẹ́ta kó tó dé ibi iṣẹ́: bí ọ̀kan kò bá wá lónìí, ó tán nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka aràn lára ẹja, gbogbo àwọn ẹran tó gbé e dé ibẹ̀ ló ń kà pọ̀.

Ní ti jíjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Iná ń pa á, kí ẹja dì gbagidi nínú fíríìsà náà ń pa á. Àwọn ará Netherlands tó ń jẹ ṣáwá tútù oníyọ̀ díẹ̀ ni inú kọ́kọ́ ń run, ìdí nìyẹn tí òfin ibẹ̀ fi pàṣẹ láti 1968 pé kí wọ́n mú ẹja náà dì gbagidi kí wọ́n tó tà á. Àwa tí a ń sè, tí a ń dín, tí a sì ń yan ẹja kò ní wàhálà púpọ̀, àfi ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́.

Ohun tó ká wa lára wà ní Puget Sound, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Chelsea Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ lọ kó ẹja tí mùsíọ́mù ti ń tọ́jú sínú ìgò láti 1880 títí di 2019. Wọ́n la ẹja 699, wọ́n sì ka aràn àti kòkòrò àfòmọ́ tó lé ní 17,000. Èyí tó nílò ẹran mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dàgbà ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí omi ṣe ń gbóná sí i. Ọdún 2023 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Anisakis ní tirẹ̀ ń pọ̀ sí i: iṣẹ́ mìíràn láti ilé ìwádìí kan náà, tó kó ìwádìí káàkiri àgbáyé jọ, fi hàn ní 2020 pé ó di ìlọ́po 283 láàárín 1978 sí 2015. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àbùùbùtán tí wọn kò pa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ló fà á. Òkun ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tó bá tọ́jú ìgò tàbí ìwé nìkan ló lè gbọ́.

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ará ìlú, aràn ni ẹ ń kà. Apẹja Ìlàjẹ àti ti Badagry ni ẹ bi. Bí àwọ̀n bá ń gòkè lófìfo, àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í tó lọ́wọ́ ìjọba láìsí ìwé.

Láti 1975 ni a ti ní ilé ìwádìí òkun ní Èkó, ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ ní 2023. Ariwo ọkọ̀ ojú omi àti èbúté la sábà ń gbọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n máa ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja wa gan-an, kí wọ́n kó o sínú ìgò, kí wọ́n sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa la inú ẹja náà, kí wọ́n máa ka aràn inú rẹ̀. Owó epo mọ́tò ọ̀gá kan kò jìnnà sí i. Kí ìgò àkọ́kọ́ wọlé kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, kí orúkọ etíkun àti ọjọ́ tí wọ́n pa ẹja náà sì wà lára rẹ̀.