Kí a tó sọ pé ilẹ̀ ṣì wà

Nílùú Àkúrẹ́ níbí, tí owó ilẹ̀ bá ti le, ẹ ó gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ilẹ̀ rẹpẹtẹ ṣì wà láyé tí kò sẹ́ni tó ń gbé e. Òótọ́ ni o. Nàmíbíà fẹ̀ tó 825,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí Nàìjíríà, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn tèmi ni pé ká kọ́kọ́ béèrè iye omi tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ náà.

Òjò Àkúrẹ́ máa ń tó nǹkan bíi 1,500 mílímítà lọ́dún. Mílímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ibi tí ẹní kékeré kan gbà ń mu 1,500 lítà lọ́dún! Ohun tí kòkó Ìdànrè ń jẹ nìyẹn, torí bí òjò bá dín sí 1,200, kòkó á máa jìyà. Létí òkun Nàmíbíà, òjò ọdún kan kì í sábà tó 25. Ọkà bàbà tó lè fara da ọ̀dá gan-an ò lè yè é.

Ẹ lè ní kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n máa bomi rin ín. Omi inú ilẹ̀ ń gbé iyọ̀ dání. Oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á jókòó. Bí kò bá sí gọ́tà tí yóò fọ iyọ̀ náà kúrò, ojú oko á funfun, ọ̀gbìn á sì rọ lórí ilẹ̀ tó tutù, nítorí iyọ̀ ò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi náà fà. Ẹ wo Íjíbítì: èèyàn bíi 95 nínú 100 rọ̀ mọ́ etí odò Náílì, lórí bíi ìdá márùn-ún nínú 100 ilẹ̀ wọn.

Òtútù náà ń lé èèyàn. Ní Yakutsk ní Rọ́ṣíà, abẹ́ ilẹ̀ dì gbagidi tọdún tọdún. Ilé tó bá jókòó lé e ni ooru rẹ̀ á yọ́ yìnyín náà, ilé á sì rì. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, kí atẹ́gùn tútù lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ilẹ̀ tó lómi, tó lọ́ràá, tó sì ṣófo. Létí àwọn odò Volta ní Bùkínà Fásò àti àríwá Gánà, eṣinṣin dúdú kan ń yé ẹyin sínú omi tó ń yára ṣàn. Bó bá jẹni, ó ń gbé aràn sára, aràn náà ń fọ́ni lójú. Àwọn àgbẹ̀ kó kúrò létí odò lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò so nǹkan gidi. Ní 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú da oògùn tó ń pa ìdin eṣinṣin náà sínú odò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ púpọ̀ tí ìdin eṣinṣin náà fi ń dàgbà. Aràn yẹn lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá dáwọ́ dúró lọ́dún kẹta, òfo ló ṣe: eṣinṣin á tún padà, á sì máa gbé aràn náà láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Wọn ò dáwọ́ dúró títí di 2002, àgbẹ̀ sì ti padà sórí ilẹ̀ etí odò wọn.